Kí Ọ̀rọ̀ Tiwa Náà Dé Ilé Tiwa

Ọ̀kan nínú àwọn òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà ìlú Ìkẹ́rẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914 wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Art Institute ní Chicago lónìí. Ọba jókòó lórí ìtẹ́, olorì àgbà dúró gbọn-in sẹ́yìn rẹ̀, ó ga ju ọba lọ, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìtẹ́ náà bí ẹni pé òun ló gbé e ró. Ẹni tó bá fẹ́ kí àkọsílẹ̀ òpó yìí hàn lórí sáìtì tirẹ̀ kò nílò láti kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni ní Chicago. Kò nílò káàdì báǹkì, kò sì nílò ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ṣí àdírẹ́sì kan sílẹ̀ fún gbogbo ayé, api.artic.edu. Bí fóònù ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìkẹ́rẹ́ bá béèrè lọ́wọ́ àdírẹ́sì yìí, orúkọ òpó náà, orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, ọdún rẹ̀ àti àmì ìdánimọ̀ àwòrán rẹ̀ yóò wọlé kíá. Kóòdù tó máa ṣe iṣẹ́ yẹn kò ju ìlà mẹ́wàá lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá wo akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ní Ẹmùrẹ́-Èkìtì tó kọ ìkéde ìpàdé sórí Facebook láàárọ̀ yìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí. Ó fẹ́ kí gbogbo ọmọ Ẹmùrẹ́ nílé lóko kà á. Ẹgbẹ́ náà ní sáìtì tí wọ́n ń san owó orúkọ rẹ̀ lọ́dọọdún, ó sì wù wọ́n kí ìkéde yẹn máa yọ níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò ní yọ. Kóòdù tí wọ́n bá kọ ní láti lo kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí Meta tó ni Facebook máa fún wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti forúkọ áàpù sílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yẹn kò sì ṣeé kọ sínú ojú-ìwé tí gbogbo ayé lè ṣí wò. Òpó tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, tó wà lókè òkun, wá rọrùn láti pè wálé ju ọ̀rọ̀ tí a fọwọ́ ara wa kọ láàárọ̀ lọ. Èyí ń dùn mí, torí ó ní àtúnṣe. Àtúnṣe náà wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀: ibi tó bá kọ́kọ́ kọ ọ́ sí ló máa pinnu bóyá yóò lè gbé e wá sí sáìtì tirẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni sáìtì lè gbà fi ọ̀rọ̀ tí a kọ síbòmíràn hàn. Nínú ọ̀nà kìíní, kọ̀ǹpútà tí sáìtì ń gbé inú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà, ló máa lọ kó ọ̀rọ̀ náà wá, á tò ó sójú-ìwé, á sì gbé gbogbo rẹ̀ fún àlejò lẹ́ẹ̀kan náà. Sáfà tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gba owó lóṣooṣù, ó sì ń fẹ́ ẹni tó máa mójú tó o. Nínú ọ̀nà kejì, sáfà ò ṣe ju kó gbé fáìlì kalẹ̀ lọ. Kóòdù wà nínú fáìlì yẹn, ó bá ojú-ìwé dé inú fóònù àlejò, fóònù àlejò fúnra rẹ̀ ló máa wá lọ béèrè ọ̀rọ̀ náà. Èdè tí a fi ń kọ irú kóòdù bẹ́ẹ̀ ni JavaScript, tí Brendan Eich kọ́kọ́ ṣe fún ilé iṣẹ́ Netscape ní oṣù Karùn-ún ọdún 1995, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá péré. Lónìí, ó ṣòro kéèyàn rí fóònù onífọwọ́tẹ̀ tí kò gbọ́ ọ. Torí pé fóònù àlejò ló ń ṣiṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ń gba fáìlì sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bíi GitHub Pages, ti tó. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Bamidele Olumilua ní Ìkẹ́rẹ́ lè gbé sáìtì tirẹ̀ kalẹ̀ lọ́nà yìí láìná ju owó dátà lọ. Ọ̀nà kejì yìí ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, torí òun ni agbára wa ká.

Bíráúsà kì í jẹ́ kí kóòdù sáìtì kan máa ka ohun tó wà lórí sáìtì mìíràn bó ṣe wù ú. Ìkànnì tó ni ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fi àmì kan ránṣẹ́ pé òun gbà kí àjèjì kà á. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Mastodon, ìkànnì àjọlò tí Eugen Rochko dá sílẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 2016, ń fi àmì yìí ránṣẹ́. Bluesky, ìkànnì àjọlò mìíràn tó gba gbogbo èèyàn wọlé láìsí ìwé ìpè láti oṣù Kejì ọdún 2024, náà ń fi ránṣẹ́. Facebook, Instagram àti X kì í ṣí fún ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Ní ti WhatsApp, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ìlú wa wà gan-an, ọ̀rọ̀ inú gúrúùpù kò ní àdírẹ́sì tí kóòdù lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí ẹni tó sọ ọ́ kò sọ ọ́ fún gbogbo ayé.

Ẹ jẹ́ ká mú Bluesky, òun ló rọrùn jù láti fi hàn. Àdírẹ́sì tí kóòdù máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nìyí: https://public.api.bsky.app/xrpc/app.bsky.feed.getAuthorFeed. Ẹ fi àmì ìbéèrè tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ẹ kọ actor=, kí orúkọ àkáǹtì tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà &limit=5, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ márùn-ún ni ẹ fẹ́. Ẹ lè kọ gbogbo rẹ̀ sórí bíráúsà fóònù yín báyìí láìkọ kóòdù kankan, èsì yóò yọ. Yóò kọ́kọ́ rí jákujàku lójú, àkámọ́ lórí àkámọ́, torí kì í ṣe ènìyàn ni wọ́n tò ó fún. JSON ni ìtò yẹn ń jẹ́. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ feed sí. Ọ̀rọ̀ yín kọ̀ọ̀kan wà nínú feed. Nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ẹ ó rí post, nínú post ẹ ó rí record, nínú record ni text àti createdAt wà. Ohun tí ẹ kọ ni text, ìgbà tí ẹ kọ ọ́ ni createdAt. Àṣẹ tó ń rán kóòdù níṣẹ́ ni fetch. Lẹ́yìn tí èsì bá dé, kóòdù á rìn láti feed dé text, á ṣe ìpínrọ̀ kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, á sì tò wọ́n sójú-ìwé. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí èsì tí ẹ fún ẹlòmíràn dà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tiyín, ẹ fi &filter=posts_no_replies kún àdírẹ́sì náà.

Mastodon fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. Ẹ ó kọ́kọ́ fi orúkọ àkáǹtì béèrè nọ́ńbà rẹ̀ ní /api/v1/accounts/lookup, ẹ ó wá fi nọ́ńbà yẹn béèrè ọ̀rọ̀ ní /api/v1/accounts, kí nọ́ńbà àti /statuses tẹ̀lé e.

Aago kò gbọ́dọ̀ ṣe yín lọ́ṣẹ́. Ìgbà tó sábà máa ń wà nínú createdAt jẹ́ ti aago àgbáyé, wákàtí kan sì ni aago Nàìjíríà fi ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ ní Ẹmùrẹ́ ní aago méjìlá ààbọ̀ òru yóò rí i pé ọjọ́ àná ni sáìtì rẹ̀ ń kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, bí kóòdù bá kàn gé ọjọ́ jáde bẹ́ẹ̀. Africa/Lagos ni ẹ máa sọ fún un pé kó lò. Àkójọ èdè tí Unicode, àjọ tó ń ṣètò lẹ́tà gbogbo èdè fún kọ̀ǹpútà, ń tọ́jú ní orúkọ oṣù Yorùbá nínú, láti Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo bíráúsà orí fóònù ló gbé e dání. Ó dára kí ẹ fọwọ́ ara yín kọ oṣù méjèèjìlá sínú kóòdù. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì dùn ún wò kí ojú-ìwé Yorùbá máa kọ Ọ̀wàrà, kó má kọ October.

Nǹkan kan wà tó kan àwa tí a ń kọ Yorùbá ju ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lọ, mo sì fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá fi líǹkì sínú ọ̀rọ̀ yín lórí Bluesky, líǹkì náà kò sí nínú text. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú ohun tí wọ́n ń pè ní facets, tó ń sọ fún kóòdù pé kí líǹkì bẹ̀rẹ̀ níbí, kó parí sọ́hùn-ún. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń sọ ọ́, báìtì, ìyẹn ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ni wọ́n sì ń kà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí: ẹ̀kọ́. Lójú wa, lẹ́tà mẹ́ta ni. Unicode ní ẹ tòun ti àmì abẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ kan fún ẹ̀ tó ní àmì abẹ́ àti àmì ohùn papọ̀. Àmì ohùn dúró lọ́tọ̀ lẹ́yìn lẹ́tà. Nítorí náà, JavaScript ka ẹ̀kọ́ sí márùn-ún. Bí a bá wá ka báìtì, mọ́kànlá ni: mẹ́ta fún ẹ, méjì fún àmì ohùn orí rẹ̀, ọ̀kan fún k, mẹ́ta fún ọ, méjì fún àmì ohùn tó gbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásán kì í fi ìyàtọ̀ yìí hàn, torí lẹ́tà kan jẹ́ báìtì kan níbẹ̀, iye méjèèjì sì máa ń bára mu. Ẹni tó bá kọ kóòdù rẹ̀, tó fi gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì dán an wò, á rò pé ó ti parí. Ọjọ́ tí ó bá kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn, líǹkì á fo ibi tó yẹ kó wà, á lọ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń gùn sí i ni ó ń fo jìnnà sí i.

Àtúnṣe rẹ̀ wà nínú bíráúsà tẹ́lẹ̀. TextEncoder máa sọ text di báìtì, kóòdù á gé e níbi tí facets wí, TextDecoder á sì dá a padà sí lẹ́tà. Ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni. Ẹ má ṣe fi gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì dán sáìtì yín wò láé. Gbólóhùn tó kún fún ẹ́, ọ̀ àti ṣ ni kí ẹ lò, kí líǹkì wà ní ìparí rẹ̀. Ẹ tún wo fọ́ńtì pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ fọ́ńtì olówó ńlá kò mọ ibi tó yẹ kí àmì ohùn jókòó sí lórí lẹ́tà tó ní àmì abẹ́, nígbà tí Noto tó jẹ́ ọ̀fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Kíkà yìí kan àyè tí wọ́n fún wa láti kọ̀wé pàápàá. Àyè 300 ni Bluesky fún ọ̀rọ̀ kan, ó sì ń kà á bí ojú ṣe rí i, ẹ̀kọ́ jẹ́ mẹ́ta níbẹ̀. Àyè 280 ni X fún ẹni tí kò sanwó, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí àwọn fúnra wọn tẹ̀ jáde, ẹ, ọ àti ṣ ń gba àyè méjì méjì, àmì ohùn sì ń gba ọ̀kan tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ di méje. Ẹni tó ń kọ Yorùbá bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́ ń pàdánù àyè lórí gbogbo gbólóhùn, ẹni tó bá yọ àmì kúrò ló ń rí àyè púpọ̀. Bí mo bá ń yan ibi tí màá máa kọ Yorùbá sí, èyí nìkan ti tó kó yí mi lọ́kàn.

Ní ti ààbò, nǹkan méjì ni kò ṣeé fojú fò. Bí a bá gba ọ̀rọ̀ láti ibòmíràn, textContent ni ká fi gbé e sójú-ìwé, kì í ṣe innerHTML. Pẹ̀lú textContent, ohunkóhun tó bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, lẹ́tà lásán ni bíráúsà máa kà á sí. Pẹ̀lú innerHTML, bí ẹnìkan bá fi kóòdù pamọ́ sínú ọ̀rọ̀, bíráúsà lè ṣe ohun tí kóòdù náà wí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005, Samy Kamkar fi irú kóòdù bẹ́ẹ̀ sórí ojú-ìwé rẹ̀ lórí ìkànnì àjọlò MySpace. Ẹni tó bá ti ṣí ojú-ìwé náà, kóòdù á da ara rẹ̀ kọ sórí tirẹ̀ náà. Kí ọjọ́ kan tó pé, ojú-ìwé tó lé ní mílíọ̀nù kan ló ti kó o. Mastodon ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì HTML nínú, nítorí náà ẹ ní láti yọ ọ̀rọ̀ jáde nínú rẹ̀ kí ẹ tó tò ó. Ìkejì: kọ́kọ́rọ́ àṣírí kankan kò gbọ́dọ̀ wọ inú kóòdù tó ń lọ sí fóònù àlejò. Ohun tó bá ti dé fóònù àlejò, àlejò lè kà á.

Ibi tí ọ̀nà yìí kò ti lágbára ni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ilẹ̀kùn wà. A ti rí èyí lójú ara wa ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti dá Twitter, tó ń jẹ́ X báyìí, dúró, lẹ́yìn tí Twitter yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ kúrò. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dí i. Ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i padà. Ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ ní oṣù Keje ọdún 2022 pé ìdádúró náà kò bófin mu, ṣùgbọ́n oṣù méje ti lọ. Ẹ rò ó wò fún sáìtì tí fóònù àlejò ń bá lọ béèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣí i ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ń rí gbogbo ọ̀rọ̀ pípé. Ẹni tó ṣí sáìtì kan náà ní Ìsẹ̀ pẹ̀lú síìmù Nàìjíríà ń rí àyè òfìfo, àfi tó bá lo VPN. Sáìtì ò bàjẹ́, kóòdù ò bàjẹ́, ẹni tó ni ín kò sì lè mọ̀ bí àbúrò kan ò bá pè é láti ilé pé, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ o.” Bó bá jẹ́ pé sáfà tó wà lókè òkun ló ń kó ọ̀rọ̀ wá ni, ẹni tó wà ní Ìsẹ̀ ì bá rí i. Ìyàtọ̀ ńlá lèyí láàárín ọ̀nà méjèèjì, a kì í sì í gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń kọ́ni ní kóòdù ní ibi tí ìjọba kì í ti í dí ìkànnì.

Yàtọ̀ sí ìjọba, ẹni tó ni ìkànnì lè yí ọkàn padà. Títí di oṣù Kẹfà ọdún 2013, ẹnikẹ́ni lè béèrè ọ̀rọ̀ gbangba lọ́wọ́ Twitter láìní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n tì í. Lẹ́yìn náà kọ́kọ́rọ́ ọ̀fẹ́ wà fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2023 wọ́n kéde pé ọ̀fẹ́ ti parí, nígbà tí ètò tuntun sì jáde, ẹni tó bá fẹ́ máa ka ọ̀rọ̀ ní láti san ọgọ́rùn-ún dọ́là lóṣù, ó kéré tán. Mo máa ń rántí ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2012, nígbà tí Kọ́lá Túbọ̀sún àtàwọn tó gbọ́ ìpè rẹ̀ fi odidi ọjọ́ kan kọ Yorùbá lórí Twitter, kí ilé iṣẹ́ náà lè ka Yorùbá mọ́ àwọn èdè rẹ̀. Ọjọ́ pàtàkì ni nínú ìtàn èdè wa lórí ayélujára. Ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ fi kóòdù kó àwọn ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn jọ sórí sáìtì rẹ̀ lónìí máa kọ́kọ́ sanwó fún ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà. Ayálégbé kì í pàṣẹ ìgbà tí onílé máa yí kọ́kọ́rọ́ padà, bó ti wù kó pẹ́ tó nínú ilé náà.

Nítorí náà, mi ò gbà pé kí sáìtì gbára lé ìbéèrè orí fóònù nìkan. Ẹ máa ní ẹ̀dà. Lórí GitHub, ẹ lè ṣètò iṣẹ́ kan tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, tó ń béèrè ọ̀rọ̀ yín lọ́wọ́ Bluesky tàbí Mastodon, tó sì ń kọ èsì náà sínú fáìlì JSON nínú sáìtì tiyín. Kóòdù orí fóònù á kọ́kọ́ gbìyànjú láti béèrè ọ̀rọ̀ tuntun. Bí kò bá rí i gbà, á ka fáìlì ti àná. Mastodon ń jẹ́ kí ẹ gba àkójọ gbogbo ohun tí ẹ ti kọ ní ọjọ́ méje méje. Bluesky náà ń jẹ́ kí ẹ kó gbogbo tiyín jáde. Ẹ kó o pamọ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń gbé ìwé ìpàdé sórí Facebook nìkan kò tíì fi ìwé náà pamọ́ fún ìlú rẹ̀, ó fi pamọ́ fún Facebook. Kó kọ́kọ́ kọ ọ́ sórí sáìtì ẹgbẹ́ tàbí sí ibi tí kóòdù lè kó o, lẹ́yìn náà kó fi líǹkì rẹ̀ sórí Facebook, níbi tí àwọn èèyàn rẹ̀ wà. Mi ò ní kó fi Facebook sílẹ̀ o. Àwọn ìyá àti ẹ̀gbọ́n wa wà níbẹ̀, wọn ò sì ní tìtorí kóòdù kó lọ síbòmíràn.

Dátà àlejò ṣe pàtàkì. Owó rẹ̀ ni kóòdù yìí ń ná, kì í ṣe tiyín. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tó, àwòrán sì lè dúró títí àlejò á fi yí ojú-ìwé dé ibẹ̀. Kí àyè náà má ṣófo nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà: ẹ kọ gbólóhùn kan síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú líǹkì àkáǹtì yín, kí kóòdù pa á rẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé. Ojú-ìwé kékeré tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ yìí ṣì fúyẹ́ gan-an ju àpótí tí àwọn ìkànnì ńlá máa ń ní kéèyàn lẹ̀ mọ́ sáìtì, èyí tó ń kó kóòdù rẹpẹtẹ wá, tó sì ń ṣọ́ àlejò kiri.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ dá lórí ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ni sáìtì fúnra rẹ̀ kọ. Ti ẹlòmíràn yàtọ̀, Ẹmùrẹ́ sì ní ìdí láti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ Apostolic Faith ní Ẹmùrẹ́ dúró, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ọjọ́ 4 oṣù Kejì ni àwọn ọmọ náà àti olùkọ́ wọn tó gba ìtúsílẹ̀. Ní irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi ló ń wá ìròyìn, sáìtì tó ń kó ọ̀rọ̀ gbangba jọ sójú kan sì lè ṣe wọ́n lóore ńlá, bó bá jẹ́ àkáǹtì ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ọlọ́pàá ló ń kó. Bó bá jẹ́ pé ohunkóhun tó bá ní orúkọ ìlú nínú ló ń kó, àròsọ á bá a wọlé, àwòrán ọmọ ọlọ́mọ á bá a wọlé, iye owó tí wọ́n ní ajínigbé béèrè á bá a wọlé, láìsí ojú ẹnì kankan lórí rẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 fi ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ sí ọ̀rọ̀ tó bá kan ọmọdé. Òbí tó wà nínú ìrora lè kọ ohun kan ní gbangba lóru, kó sì pa á rẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ó ní ẹ̀tọ́ sí i.

Níbí, ìbéèrè orí fóònù dára ju ẹ̀dà lọ. Torí pé ìgbà tí àlejò bá dé ni kóòdù ń béèrè, ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ni ín bá ti pa rẹ́ kò ní yọ mọ́. Ẹ̀dà kì í mọ̀ pé wọ́n ti pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ tiyín ni kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ti ẹlòmíràn, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó fi hàn, kí ẹ sì fi sílẹ̀ ní ibi tó kọ ọ́ sí. Bluesky tún ní ètò kan tí èèyàn lè tẹ̀ láti sọ pé òun kò fẹ́ kí ẹni tí kò wọlé sí Bluesky rí ọ̀rọ̀ òun. Àdírẹ́sì gbangba yẹn kì í dí ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gbé e jáde bíi ti ẹlòmíràn, pẹ̀lú àmì kan tó ń jẹ́ !no-unauthenticated lára ẹni tó kọ ọ́, nínú labels. Ọwọ́ ẹni tó kọ kóòdù ló kù sí láti wò ó. Kí kóòdù yín yẹ labels wò kó tó to ọ̀rọ̀ kankan. Bí àmì yẹn bá wà níbẹ̀, kó fo ọ̀rọ̀ náà, kó bọ́ sórí èyí tó kàn. Ìlà kan péré ni.